Ṣájà Ọkọ̀ Oníná Tó Ń Dúró De Aago: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn

Láti 30 Okúdù 2022 ni òfin ti sọ pé ṣájà ọkọ̀ oníná tuntun tí wọ́n bá tà fún ilé ní England, Wales àti Scotland gbọ́dọ̀ ní aago nínú, tó ń yan ìgbà tí ọkọ̀ máa gba iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa níbẹ̀ ki okùn bọ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, iná ò wọlé, wọ́n ní ṣájà ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn á kúkú ra táímà kékeré lọ́jà, èyí tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè máa tan iná, kó sì máa pa á lásìkò. Ọ̀rọ̀ táímà yìí ló kó mi lọ́kàn sókè tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí.

Ṣé ṣájà mi ti bàjẹ́ ni?

Rárá. Àkókò rẹ̀ ló ń dúró dè.

Àkókò wo?

Bí wọ́n ṣe tò ó wá, kì í gba iná ní aago 8 sí 11 òwúrọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí 10 alẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, torí ìgbà yẹn ni iná máa ń wọ́n. Ẹ lè yí i padà, ẹ sì lè pàṣẹ pé kó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ìrìn àjò bá yá. Òfin fàyè gbà á.

Aago 12 òru ni mo tò ó sí. Kí ló dé tó tún ń falẹ̀?

Òfin náà ló ní kí ṣájà kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀ sí i, ó lè tó ìṣẹ́jú 10, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nílé tí iná bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Káwọn ọmọ tó pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" tán, fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbogbo àdúgbò ti jọ fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, iná á tún lọ. Ohun tí wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ fà nìyẹn, bí gbogbo wọn bá jọ bẹ̀rẹ̀ lórí aago 12 gééré.

Mi ò ní ṣájà ara ògiri. Ṣé mo lè ki táímà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n wá ki okùn ọkọ̀ bọ̀ ọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Okùn ọkọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ń fa nǹkan bí 10 amp (amp ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó). Òótọ́ ni pé kẹ́tù ń fà tó 13, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì á tún tutù. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 60 kWh (ìyẹn iye iná tó lè gbà), láti 20% dé 80%, á fa 36 kWh. Amp 10 yẹn jẹ́ nǹkan bí 2.3 kW, ìyẹn 2.3 kWh ní wákàtí kan, nítorí náà ó lé ní wákàtí 15. Irin pẹlẹbẹ kékeré méjì tó ń fẹnu kanra nínú táímà ló máa gbé gbogbo ẹrù yẹn. Bí ẹnu wọn bá dọ̀tí díẹ̀, ibẹ̀ á gbóná. Ooru ọ̀hún á tún ba ẹnu náà jẹ́, yóò sì máa gbóná sí i.

Mo rí ọ̀kan nílé ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yìn táímà náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìsàlẹ̀ àkàrà tó fẹ́ jóná, ihò kan ti yọ́ mọ́ ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gù, a fi agbára fà á kó tó jáde. "13 amp" wà lára rẹ̀ gbàǹgbà.

Ibo wá ni kí n ti to aago?

Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ní in lójú ẹ̀rọ iwájú awakọ̀ tàbí lórí fóònù. Ẹ ki okùn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, kí ọkọ̀ máa ṣọ́ àkókò. Nígbà tó bá fẹ́ dá iná dúró, á kọ́kọ́ dín in kù kó tó gé e. Táímà ọjà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń já iná gbà nígbà tó ń ṣàn lọ́wọ́, iná á sì ta pà.

Ẹ́ksitẹ́ńṣọ̀n ńkọ́?

Rárá.

Mo fẹ́ gbé okùn náà lọ sí Èkó.

Ẹnu pílọ́ọ̀gù wọn bára mu. Ṣùgbọ́n bí wáyà ilẹ̀, èyí táwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ò bá dáa nínú ilé náà, ọ̀pọ̀ okùn yìí ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọgbọ́n tan okùn náà jẹ kó lè ṣiṣẹ́. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó tún ẹ́ẹ̀tì ṣe.

Kí ni kí n máa ṣọ́?

Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gù. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ò burú. Tí kò bá ṣeé dì mú, ẹ dá a dúró láti inú ọkọ̀, ẹ pa súwìṣì, kẹ́ ẹ má sì lò ó mọ́ títí oníṣẹ́ iná tó níwèé ẹ̀rí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, iná gbogbo ilé ni kẹ́ ẹ pa níbi àpótí fíúùsì. Bí èéfín bá ti ń jáde, ẹ kó àwọn ọmọ síta, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ti UK.