Aṣọ Ẹgbẹ́ Ni Ojú Tuntun Náà Ń Wò

Bí a bá gbọ́ ní Ìjẹ̀bú pé wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara aláìsàn wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sàn lókè òkun, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àṣìsọ ni, ó sì ń bo ọgbọ́n iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ a máa ṣa sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe ọmọ ogun ara, jáde, a sì dá ẹ̀jẹ̀ yòókù padà. Ní yàrá iṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti mú agbára àìsàn kúrò lára rẹ̀ yóò gbé àṣẹ tuntun wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kí wọ́n lè ní ojú tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀.

Ojú yìí gan-an ni ó yẹ kí a dúró wò. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan tó dé iwájú Awùjalẹ̀ ni aṣọ wọn ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè orúkọ. Sẹ́ẹ̀lì B, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣe èròjà tí ń gbógun ti àrùn, náà ní aṣọ ẹgbẹ́, èròjà kan lára rẹ̀ lóde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní CD19. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di jẹjẹrẹ, kì í sábà bọ́ aṣọ náà, ọmọ ogun ara a sì máa wò ó bí ọmọ ilé. Ojú tuntun kò wo ìwà. Aṣọ ni ó ń wò, gbogbo ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ni yóò pa, ọ̀daràn àti aláìṣẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn: ènìyàn lè wà láàyè láìní sẹ́ẹ̀lì B, bí wọ́n bá ń fa èròjà tí ń gbógun ti àrùn sí i lára. Ká ní aṣọ tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ń wọ̀ ni wọ́n yàn, ikú ni ìwòsàn náà ìbá jẹ́.

Àpò kékeré kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà wà nínú rẹ̀, tí òórùn bí ti ààyù máa ń bá a wọ yàrá, ni wọ́n ń fà sí iṣan. Lẹ́yìn náà àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún yóò máa bí sí i nínú ara. Ní 2012, ní Philadelphia, ibà ńlá tí ìjà wọn dá sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Emily Whitehead, ọmọ ọdún 6, kí oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn oríkèé ara tó rọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ yá, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ìwòsàn náà ní 2017.

Àléébù rẹ̀ kò jìnnà sí ọgbọ́n rẹ̀. Jẹjẹrẹ mìíràn a máa bọ́ CD19 sọnù, a sì padà wá láìsí ohun tí ojú náà lè dá mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ojú tí yóò máa wo aṣọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, CD19 àti CD22.