Gálásì ńlá tó dà bíi pé kò ní ohun kan lára: ẹ fi infrared wò ó

Ẹni tó bá rí àwòrán M87, ọ̀kan lára àwọn gálásì (àkójọ ìràwọ̀ tó pọ̀ lọ bíi bílíọ̀nù) tó tóbi gan-an, lẹ́ẹ̀kan lè rò pé kò sí nǹkan tó yẹ ní wíwò lára rẹ̀. Kò ní apá tó ń lọ́ yípo bíi ti gálásì tiwa. Àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ òkùnkùn. Irú gálásì onírísí ẹyin báyìí ni onímọ̀ ìràwọ̀ Edwin Hubble tò láti E0 tó rí roboto dé E7 tó tẹ́ jù lọ.

Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó gbóná máa ń gba ojú ẹni bí kò tilẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ìràwọ̀ tó tutù jù wọ́n lọ ló pọ̀ jù nínú gálásì báyìí, infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ tí ojú wa kò lè rí, sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ wọn. Eruku kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́nà. Ẹ wo gálásì Centaurus A: nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ọ̀já eruku dúdú là á láàárín. Ní ìgùn ìgbì máíkírọ̀nù 2.2 (máíkírọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), ọ̀já náà ṣá gan-an, ara gálásì sì yọ síta. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Tí ẹ bá dé máíkírọ̀nù 8, eruku yẹn gan-an ló ń tàn. Ibẹ̀ ni awò Spitzer tó wà lójú òfúrufú ti rí i pé eruku náà ní igun mẹ́rin, tó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, kí ẹ tó gba àwòrán infrared kankan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgùn ìgbì rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni fífa ìlà yí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dọ́gba ká. Ìlà náà kì í rí bí ẹyin gẹ́lẹ́. Ti àwọn gálásì kan ṣóńṣó lórí méjèèjì: àwo ìràwọ̀ pẹlẹbẹ kan fara pa mọ́ sínú wọn, wọ́n sì sábà máa ń yí kíákíá. Ti àwọn gálásì mìíràn ní igun bí àpótí, àwọn ló sì sábà máa ń tóbi jù, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. A gbà pé gálásì tí gáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú wọn ló kọlura tó di wọ́n. Ìyàtọ̀ yìí kéré débi pé ìdá mélòó kan péré nínú 100 ni, síbẹ̀ ìtàn ìbí gálásì ló ń sọ.

Ní àárín gbùngbùn àwọn tó tóbi jù, ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé ihò dúdú méjì (ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀) tó ń yí ara wọn ká ló ta àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ dànù kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ihò dúdú tó wà nínú M87 lónìí, tí ayé rí àwòrán rẹ̀ ní 2019, wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5.