Yíyan ẹ̀rọ bọ́tìnnì fún ètò láìfù

Ẹ̀rọ bọ́tìnnì fún ètò láìfù jẹ́ pátákó kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó ni ín sì ń fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ níṣẹ́: ọ̀kan á yí kámẹ́rà padà, òmíràn á pa máìkì, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ètò sílẹ̀. Elgato ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà tó gbé Stream Deck oníbọ́tìnnì 15 jáde lọ́dún 2017, tí àwòrán ń hàn lójú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Mini tó ní 6, XL tó ní 32 àti Stream Deck + tó ní bọ́tìnnì 8 pẹ̀lú kókó yíyí 4 tẹ̀lé e. Razer náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Loupedeck, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Finland tí Logitech rà lọ́dún 2023.

Bí àṣẹ ṣe ń dé inú sọ́fítíwíà

Iye bọ́tìnnì ni ojú olùrà máa ń kọ́kọ́ lọ sí, àmọ́ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ni bí àṣẹ ṣe ń kúrò lára bọ́tìnnì dé inú OBS Studio (sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gbé ètò láìfù jáde, tí wọ́n ń pè ní OBS) tàbí sọ́fítíwíà mìíràn tó ń lò. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Nínú ọ̀nà kìíní, ẹ̀rọ náà ń ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù. Ó ń fi lẹ́tà tàbí àkópọ̀ bíi Ctrl+F5 ránṣẹ́, OBS á sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó rọrùn, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ló sì gbọ́ èdè yìí, ṣùgbọ́n èsì kì í padà wá: bọ́tìnnì kò mọ̀ bóyá OBS gbọ́ tàbí kò gbọ́. Orí máìkì ni èyí ti ń dunni jù. Bí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá ń pa máìkì tó sì ń ṣí i, tí ìka wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, máìkì á ti ṣí, àwòrán ojú bọ́tìnnì lè ṣì máa sọ pé ó wà ní pípa, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ á sì ti dé etí aráyé. Inú Hotkeys OBS, níbi tí wọ́n ti ń so bọ́tìnnì mọ́ iṣẹ́, ni àtúnṣe rẹ̀ wà: Mute (pípa) àti Unmute (ṣíṣí) wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún máìkì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Bí wọ́n tẹ Mute nígbà 10, pípa náà ni máìkì á wà. F13 títí dé F24 ló dára jù láti lò, nítorí Windows mọ̀ wọ́n, àmọ́ wọn kì í sábà sí lára kíbọ́ọ̀dù, wọn kì í sì forí gbárí pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì tí géèmù ń lò.

Ọ̀nà kejì ni WebSocket, ìsopọ̀ tí sọ́fítíwíà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, òun ló sì yẹ kí ẹni tó ń lo OBS yàn bó bá ti ṣeé ṣe. Láti OBS 28, tó jáde lọ́dún 2022, ó ti wà nínú OBS fúnra rẹ̀. Wọ́n á lọ sí Tools, wọ́n á ṣí WebSocket Server Settings, wọ́n á tan án, wọ́n á sì da páásíwọọ̀dù ibẹ̀ kọ sínú sọ́fítíwíà bọ́tìnnì. Port rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ náà ń gbà wọlé, ni 4455. Níbí, OBS ń dáhùn. Bí ẹlòmíràn bá fi máọ̀sì pa máìkì, àwòrán ojú bọ́tìnnì á yí padà fúnra rẹ̀. Plugin (àfikún sọ́fítíwíà) àtijọ́ tó ṣì ń wá port 4444 kò lè bá èyí ṣiṣẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ yí nọ́ńbà náà padà, torí èdè tí wọ́n ń sọ ti yàtọ̀.

Iye bọ́tìnnì

Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ń kàn láàárín ètò sílẹ̀. Scene 4 (ìyẹn ojú ìran tí òǹwòran ń rí), máìkì 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pípa àti ṣíṣí, orin, ìgbàsílẹ̀ àti ìdáwọ́dúró: ó ti di 11, bọ́tìnnì 6 kò lè gbà á láìlo fódà, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń ṣí ojú ewé bọ́tìnnì mìíràn. Fódà sì ní ìṣòro tirẹ̀, torí ó ń gba bọ́tìnnì kan fún pípadà sẹ́yìn, ènìyàn sì lè tẹ ohun kan nígbà tó rò pé ojú ewé mìíràn ló wà. Máìkì kò gbọdọ̀ wọnú fódà láé. Bọ́tìnnì tó ń parí ètò gbọ́dọ̀ jìnnà sí àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ẹni tí kò tíì mọ iye tó máa tó o lè kọ́kọ́ fi fóònù dán an wò pẹ̀lú Stream Deck Mobile tàbí Touch Portal. Fóònù àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Wi-Fi àlejò sábà máa ń dí wọn lọ́wọ́ láti rí ara wọn. Fún ètò tó gùn, fóònù kò tó, torí ìka kò lè mọ bọ́tìnnì lójú gíláàsì láìwò ó.

Bí bọ́tìnnì kò bá ṣiṣẹ́

Lórí Windows, bí wọ́n bá ṣí OBS gẹ́gẹ́ bí administrator, tí sọ́fítíwíà bọ́tìnnì kò sì rí bẹ́ẹ̀, Windows á dènà lẹ́tà tí bọ́tìnnì ń fi ránṣẹ́. Ó máa ń jọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n kàn ṣí méjèèjì bákan náà ni. Lórí macOS, sọ́fítíwíà bọ́tìnnì nílò àyè nínú Accessibility, apá kan nínú ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà náà. Lórí Linux, ó sábà máa ń nílò òfin udev, èyí tó ń fún sọ́fítíwíà láyè láti lo ẹ̀rọ USB (nọ́ńbà tí USB fi ń dá Elgato mọ̀ ni 0fd9), lẹ́yìn náà sọ́fítíwíà bọ́tìnnì bíi Bitfocus Companion tàbí OpenDeck á ṣiṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá ń kú tó ń jí láàárín ètò, kí wọ́n wo USB. Hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀ ń pín iná 500 mA tó wà nínú ihò USB 2.0 kan fún gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Kámẹ́rà àti bọ́tìnnì oníná kì í bá ara wọn gbé níbẹ̀. Kí wọ́n ki ẹ̀rọ náà tààrà sára kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì rí i pé wáyà rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń gbé iná nìkan.

Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nílò pátákó kékeré tí wọ́n ń kọ kóòdù sí: Raspberry Pi Pico tàbí Arduino Pro Micro ló bá a mu. Arduino Uno R3 kò lè ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù bó ṣe wà, nítorí ATmega328P, ọpọlọ rẹ̀, kò ní USB tirẹ̀. Bọ́tìnnì 16 tí wọ́n tò ní ìlà 4 lọ́nà 4 ń gba ẹsẹ̀ 8 péré lára pátákó náà. Dáyóòdù 1N4148 kan, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ wà lára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà; bí kò bá sí, títẹ bọ́tìnnì 3 pọ̀ lè mú kí ìkẹrin tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ṣiṣẹ́. Ihò fún bọ́tìnnì irú Cherry MX jẹ́ mílímítà 14 níbùú àti lóròó, àárín bọ́tìnnì kan sí èkejì sì jẹ́ mílímítà 19.05. Irin inú bọ́tìnnì máa ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kóòdù gbọ́dọ̀ dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 5 kó tó ka ìtẹ̀ mìíràn. Bí kò bá dúró, ìtẹ̀ ẹyọ kan á di méjì.