Ohun tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ń ṣe fún ìlú

Láti Kàbà dé Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu ará ìlú bí ètò ìdàgbàsókè bá ti fẹ́ wọlé: "Owó ìjọba ni, kí ló wá dé tí wọ́n tún ní ká dáwó?" Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, èyí tí CSDP, ètò ìdàgbàsókè tí ará ìlú fúnra wọn ń darí, sọ di dandan fún ìlú tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn tàbí kíláàsì, tàbí tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n yí lórúkọ padà. Àwọn mìíràn ní àpò àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ sí. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, àṣìgbọ́ yìí ló sì ń bo ibi tí ọgbọ́n ètò náà wà mọ́lẹ̀.

Báǹkì Àgbáyé ló yá Nàìjíríà lówó ètò ọ̀hún, ọdún 2009 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà CSDP, àwọn ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kò le: ìlú á kọ̀wé béèrè, òṣìṣẹ́ àjọ ìpínlẹ̀ á wá láti Lọ́kọ́jà, ọkùnrin, obìnrin àti ọ̀dọ́ á jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pa ohùn pọ̀ lórí ohun tó ń jẹ ìlú níyà jù, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ètò, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé bá yọrí, inú àkáǹtì ìlú fúnra rẹ̀ ni owó ń wọ̀, kò gba ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ọwọ́ kọngílá kankan. Ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ló ń ra símẹ́ǹtì, òun ló ń bá bíríkìlà dúnàádúrà. Díẹ̀díẹ̀ lowó sì ń wá: ẹni tí kò bá ṣírò ti àkọ́kọ́ kò ní rí èkejì gbà.

Àmọ́ kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé, ìlú ti gbọ́dọ̀ fi ìpín tirẹ̀ hàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò pọn dandan kó jẹ́ owó. Ká ní ilé ìwòsàn kékeré kan máa ná mílíọ̀nù 8 náírà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 ni ìpín ìlú. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé akọ̀wé ìgbìmọ̀ wò. Ìdílé kan gbé iyanrìn típà mẹ́rin wá láti etí odò, wọ́n kọ iye tí típà kan ń lọ lọ́jà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin fọ́ òkúta, torí àpáta kò wọ́n nílẹ̀ Yàgbà àti Ìjùmú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fowó lé e. Àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n ṣírò rẹ̀ bí owó lébìrà. Àwọn tó ń pọnmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ wà níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo kà sí ọkàn gbogbo ètò náà.

Àgbẹ̀ tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ogún èèyàn lè wá bá a kọ ebè, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ dé oko, òun ló ń la ìlà tí wọ́n máa tọ̀. Bó bá jókòó sílé tó ní kí wọ́n máa lọ, bóyá wọ́n á lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò yọjú. Ẹni tó bá sì kọ ebè lóko yẹn kì í dákẹ́ bó bá rí màlúù nínú rẹ̀, nítorí òógùn rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni obìnrin tó fọ́ òkúta fún ilé ìwòsàn. Bí símẹ́ǹtì bá dín nínú kọnkéré, òun ló máa kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló gbà. Olùyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kò lè ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Ọmọ ìlú kan tí Ọlọ́run ti gbé ga ní Èkó tàbí Àbújà gbọ́ pé wọ́n ń dáwó, ó sì san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn jó, wọ́n gbàdúrà fún un, ó sì tọ́ kí wọ́n gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìwé akọ̀wé wá ní orúkọ kan ṣoṣo. Owó pé, ojú tó yẹ kó máa ṣọ́ iṣẹ́ kò pé. Ì bá sàn kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì oògùn sínú ilé ìwòsàn náà lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, kó fi ìdá ìlú sílẹ̀ fún ìlú.

NG-CARES, ètò ìrànwọ́ nítorí àjàkálẹ̀ Kòrónà tó tẹ̀ lé CSDP ní 2021, tí Báǹkì Àgbáyé fi mílíọ̀nù 750 dọ́là tì lẹ́yìn káàkiri Nàìjíríà, yí ọ̀nà tí owó ń gbà padà: ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ náwó, bí àwọn olùyẹ̀wò bá jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ dúró ni wọ́n tó ń dá a padà fún un. Ìyẹn dára fún ẹni tó yáni lówó. Fún abúlé tí ìwé rẹ̀ ti yọrí, ó túmọ̀ sí pé bí àpò ìpínlẹ̀ bá gbẹ, ìdúró ló kù.

Àbùkù CSDP gan-an ni pé iye tí iṣẹ́ máa ná ni wọ́n fi wọn ìdá yìí, wọn kò wo iye èèyàn tí yóò gbé e. Kànga ẹ̀rọ kì í dínwó nítorí pé abúlé kéré. Abúlé kan ní Bùnú tí kò ju ogún ilé lọ yóò dá iye tí àdúgbò ńlá kan ní Kàbà dá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní àdúgbò Kàbà yẹn láti pín in. Bí wọ́n bá lè ka ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bu ìpín lé ìlú lórí, abúlé Bùnú yẹn náà á lè fi iyanrìn àti ọjọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ san án tán láìjẹ gbèsè.