Àbọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Ìdáhùn: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Ṣàkóso Àyípo Krebs

Ó máa ń dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí i tí àwọn tó ń fi Yorùbá kọ sáyẹ́ǹsì pe ohun tí èròjà tó ti jáde ń ṣe sí ẹ́ńsáìmù (pùrótéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ṣe é ní "ìdáhùn-padà". Ìbéèrè ló máa ń ṣáájú ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi ẹ́ńsáìmù ní ìbéèrè. Àwọn mìíràn ń kọ "fíìdìbáàkì". Ìyẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun létí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí mo yàn ni àbọ̀. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́ á jíṣẹ́, á sì jábọ̀, àbọ̀ yẹn ni ẹni tó rán an sì fi ń mọ ohun tó kàn. Wọ́n ti bá mi jiyàn pé òǹkàwé yóò rò pé ìdajì ni mò ń sọ. Ìdajì ni ààbọ̀, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn. Ẹni tó bá kọ àmì bó ṣe yẹ kò ní ṣi ẹnì kankan lọ́nà.

Ẹ wo ìyá alákàrà tí ọmọ rẹ̀ ń bá kiri. Ọmọ á gbé àwo tó kún jáde, á yí àdúgbò po, á sì gbé àwo òfìfo bọ̀ kí ìyá tún lè kó òmíràn sí i. Nínú àyípo tí Hans Krebs ṣàlàyé ní Sheffield ní 1937, ìyẹn ọ̀wọ́ ìyípadà kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa agbára yọ nínú oúnjẹ, oxaloacetate ni ọmọ yẹn, acetyl-CoA (èròjà tó wá láti inú oúnjẹ) ni àkàrà, citrate sì ni ọmọ tó ti gbẹ́rù. Owó tó ń wọlé nínú àyípo kọ̀ọ̀kan ni NADH 3, FADH₂ 1 àti GTP 1, àwọn èròjà tó ń gbé agbára. Bí àkàrà bá ṣẹ́kù rẹpẹtẹ nínú àwo tó bọ̀, ìyá kò ní paná. Á fa igi kan yọ nídìí agbada, á sì rọra máa dín èyí tó kù.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba "àbọ̀ adáṣẹ́dúró" tí àwọn kan fẹ́ràn, tí mo sì ń kọ "àbọ̀ adínṣẹ́kù". Àwòṣe oníṣirò gbè mí lẹ́yìn. (Àwòṣe ni mo kọ, n kò kọ àwòkọ́ṣe, nítorí ìwà ni a ń wò kọ́ ṣe.) Ohun tí àwòṣe náà ń sọ nípa èròjà kọ̀ọ̀kan kò ju pé kí a yọ ìyára tó fi ń jáde kúrò nínú ìyára tó fi ń wọlé. Láti 1913 ni Michaelis àti Menten ti fún wa ní ìlànà ìyára ẹ́ńsáìmù:

v = VS / (K + S)

v ni ìyára iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, V ni ìyára tó ga jù lọ tó lè ní, S ni ìwọ̀n èròjà tí ẹ́ńsáìmù ń lò, K sì ni ìwọ̀n S tí iṣẹ́ fi ń dé ìdajì V.

Citrate tó bá pọ̀ jù máa ń bá oxaloacetate du ìjókòó lára ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe citrate, nítorí náà K á di K(1 + C/Kc), níbi tí C jẹ́ ìwọ̀n citrate, tí Kc sì jẹ́ ìwọ̀n citrate tó ń sọ K di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká mú S tó dọ́gba pẹ̀lú K: láìsí citrate, ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára rẹ̀. Bí C bá tó Kc gẹ́lẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 1/3. Bí C bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá Kc, ó di 1/12. Kò di òfo nígbà kankan, ẹni tó bá sì sọ pé iṣẹ́ dúró ti sọ ohun tí ìṣirò kò sọ.

Àbọ̀ kejì tún wà, tí mò ń pè ní àbọ̀ amúṣẹ́yá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ná ATP rẹ̀ (èròjà tó ń ná bí owó agbára), ADP tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó náà á pọ̀, á sì mú kí isocitrate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tó ń lo isocitrate nínú àyípo kan náà, yára sí i: àwo òfìfo tètè bọ̀, ìyá sì koná mọ́ ọn. Nínú àwòṣe, K ti ẹ́ńsáìmù yìí ni a tún fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ADP ń mú un kéré, tí isocitrate díẹ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀.