Táyà Ló Ń Pe Iná, Bátìrì Kọ́ Ló Ń Tì Í

Bí rọ́bọ́ọ̀tì ìdíje bá dákẹ́ lójijì láàárín pápá, ohun tí ẹnu kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé bátìrì ti kú. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i, rọ́bọ́ọ̀tì á sáré díẹ̀, á tún dákẹ́. Ìgbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó bátìrì tó tóbi jù ú lọ. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bátìrì ló ń ti iná sínú ẹ́ńjìnnì, pé bó bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe tì í tó. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ná àwọn ọmọ ilé-ìwé lówó tí wọn kò ní. Táyà ló ń pe iná. Iye tó bá pè ni ẹ́ńjìnnì máa fà, iye tí ẹ́ńjìnnì bá sì fà ni bátìrì máa sáré wá fún un.

Ẹ wo ọmọlańke lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́. Òógùn tó ń jáde lára ẹni tó ń tì í, ẹrù àti ilẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Bí ọmọlańke bá ṣófo, tí ó wà lórí ọ̀dà, ẹni náà á máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ kó àpò ìrẹsì jọ sórí rẹ̀, kí táyà kan máa ha irin, kí ọ̀nà di iyanrìn, ẹni kan náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ẹni tó máa sọ pé oúnjẹ àárọ̀ ló fà á. Bí ẹ́ńjìnnì oníná ṣe rí náà nìyẹn, àfi pé òógùn tirẹ̀ ṣeé kà, áńpíà la fi ń kà á.

Ohun tó ń dín òógùn yìí kù lọ́gbọ́n nínú gan-an. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí, jẹnẹrétọ̀ ni pẹ̀lú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára bátìrì, ẹ so mítà mọ́ wáyà rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ọwọ́ yí i: fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n ipá iná, á jáde. Fóòtì yìí kì í lọ síbì kankan nígbà tí bátìrì bá wà lára rẹ̀. Ó kàn ń kọjú sí ti bátìrì, ó ń dá a padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i ni ìdápadà yìí ń pọ̀ sí i, títí tí ohun tó kù tó lè wọlé fi máa kéré jọjọ.

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì HD Hex ti ilé-iṣẹ́ REV, tó wọ́pọ̀ nínú FIRST Tech Challenge, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lórí fóòtì 12, bó bá ń yí lásán, ó ń yí nǹkan bí ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, iná tó ń fà kò ju áńpíà 0.4 lọ. Ẹ dì í mú kó má lè yí mọ́, ìdápadà á di òfo, gbogbo fóòtì 12 á ya wọlé: áńpíà 8.5. Bátìrì kan náà ni, wáyà kan náà ni. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkankan lẹ́yìn táyà, síbẹ̀ iná ti di ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí kò ní ọpọlọ ló ń wọn iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ tó sì ń gba oúnjẹ ní ìwọ̀n rẹ̀. Ó ṣòro láti rí ètò tó rọrùn tó yìí tó sì gbọ́n tó báyìí.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó ní mẹ́rin irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè pe áńpíà 34 bí gbogbo wọn bá há. Bátìrì ìdíje náà jẹ́ áńpíà-wákàtí 3, ìyẹn ni pé ó lè fúnni ní áńpíà 3 fún wákàtí kan, fíùsì rẹ̀ sì jẹ́ áńpíà 20. Fíùsì kì í jó lójú ẹsẹ̀, ó máa ń fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni pé fóòtì bátìrì á já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì á kú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Òun ni ìdákẹ́ tí wọ́n ń pè ní ikú bátìrì.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó ń pe iná? Ẹ gbé rọ́bọ́ọ̀tì sórí búlọ́ọ̀kù kí táyà má kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sáré. Kọ̀ǹpútà REV lè ka áńpíà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sídìí láti méfò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kéré, kí wọ́n sì sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá yọ sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, àrùn náà wà nínú irin: nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè le jù, ṣéènì tó fún jù, ọ̀pá tó tẹ̀, bíárìn tí erùpẹ̀ pupa Kétu ti wọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì méjì bá jọ ń yí ọ̀pá kan, ẹ wò ó bóyá wọ́n so wáyà ọ̀kan lódìkejì. Ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹni méjì dúró níwájú àti lẹ́yìn ọmọlańke, tí kálukú ń ti ara rẹ̀: ọmọlańke kò lọ, òógùn ń ṣàn. Wáyà tó ṣò kì í fi kún iná ní tirẹ̀. Fóòtì ló ń jẹ lọ́nà, ibi tí ìsopọ̀ ti gbóná sí ló máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára lórí búlọ́ọ̀kù, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ sáré gbọọrọ, kí ẹ wo áńpíà. Èyí náà kì í sábà mú wàhálà wá. Ibi tí wàhálà wà ni kíkọrí, ìyẹn yíyí síhà mìíràn.

Ọmọlańke ní táyà méjì péré, ìdí nìyẹn tó fi ń yí lójú kan bí ẹni ń jó. Ẹ fún un ní táyà mẹ́rin tí kò lè yà, kí ẹ wá sọ pé kó yí lójú kan: táyà iwájú gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀ sósì. Rọ́bà kì í fẹ́ fẹ̀gbẹ́ rìn. Agbára tó ń dènà ìyípadà yìí ń pọ̀ sí i bí táyà iwájú bá ṣe jìnnà sí ti ẹ̀yìn tó. Agbára tó ń ran ìyípadà lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i bí táyà ọ̀tún bá ṣe jìnnà sí tòsì tó. Nítorí náà, rọ́bọ́ọ̀tì tó gùn tó sì tín-ín-rín lè kọ̀ láti yí pátápátá, kí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa jẹ iná bí ẹni ń ti ògiri. Ẹ sún táyà mọ́ra níwájú-lẹ́yìn, ẹ fẹ̀ wọ́n sí i lótùn-ún-lósì, tàbí kí ẹ fi táyà olómẹ́níì, èyí tó ní róólà kéékèèké yíká etí rẹ̀, sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Róólà yẹn ń jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ rìn láìjà.

Èyí ló tún ṣàlàyé ìdí tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń dára nílé tó sì ń bàjẹ́ lọ́jọ́ ìdíje. Yàrá ìkàwé ní Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, sìmẹ́ńtì ló wà nílẹ̀, eruku sì wà lórí rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Táyà ń yọ̀ lórí rẹ̀, kíkọrí ń rọrùn, áńpíà ń kéré. Pápá ìdíje, ẹní fóòmù ni. Táyà ń rì sínú rẹ̀ díẹ̀, rọ́bà ń dì í mú, iná ń gòkè. Kí ikọ̀ kankan tó náwó lórí bátìrì, ẹní fóòmù díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà.

Lẹ́yìn kíkọrí, ẹ jẹ́ kó kọlu ògiri, kó máa tì í. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni kí táyà máa yọ̀ lórí ilẹ̀. Bí táyà bá dúró gbagidi dípò kó yọ̀, jíà ti yá jù. Ká ní rọ́bọ́ọ̀tì wúwo tó kílò 15, tí táyà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 90 láti etí dé etí, tí ilẹ̀ sì di rọ́bà mú dáadáa. Láìka ohun tí jíà fúnra rẹ̀ ń jẹ, bí jíà bá ń dín ìyípo kù ní ìlọ́po 12, ẹ́ńjìnnì á há kí táyà tó yọ̀, ó di áńpíà 34. Ní ìlọ́po 20, táyà á yọ̀ nígbà tí iná bá wà ní nǹkan bí áńpíà 27. Ní ìlọ́po 40, áńpíà 13 péré ló máa tó o, ṣùgbọ́n eré tó lè sá á di ìdajì ti ìlọ́po 20. Yíyàn gidi nìyí, ẹ̀rọ kankan kò sì lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dunni pé eré nìkan ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń wò nígbà tí wọ́n bá ń yan jíà, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni eré ìdíje kan, ìlàjì pápá ni wọ́n sì sábà máa ń sá kí wọ́n tó dúró tàbí kọrí.

Àwọn kan á ní kí kọ̀ǹpútà dín iná kù. Ó dára kó wà, ó ń dáàbò bo fíùsì, àmọ́ bíárìn tó ti bàjẹ́ á ṣì máa ha irin lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò ní tòótọ́ ni ìpadàsẹ́yìn òjijì. Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ń sáré níwájú, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, fóòtì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe kò ní kọjú sí ti bátìrì mọ́, á dara pọ̀ mọ́ ọn. Fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, iná lè sún mọ́ ìlọ́po méjì iye tí ẹ́ńjìnnì tó há ń fà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba òdo kọjá díẹ̀díẹ̀, láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó pa dà sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni tó ń darí kò ní fura, góńgó iná yẹn á sì wálẹ̀.