Ìṣètò eré stepper lára ẹ̀rọ CNC kékeré

Ìṣètò eré stepper ni yíyan àwọn iye tó ń sọ bí ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ nǹkan, yóò ṣe sáré tó, àti bí yóò ṣe tètè mú eré náà tó. Stepper jẹ́ mọ́tọ̀ oníná, ṣùgbọ́n kì í yí lọ gbuurugbu bíi ti fáànù. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń yí ní dígírì 1.8 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ 200 kó tó yí po. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, inú GRBL, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù Arduino, ni iye wọ̀nyí wà.

Ìgbésẹ̀ fún mílímítà kan

Nínú GRBL, àmì $ kì í ṣe owó, nọ́ńbà ìṣètò ló ń tẹ̀lé e. $100 sí $102 ló ń gbé iye yìí fún ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń rìn: X, Y, àti Z tó ń lọ sókè-sódò. Bí a bá pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, yíyípo kan di 3,200. Bí irin onískúrúù bá ń sún ẹ̀rọ ní mílímítà 8 ní yíyípo kan, iye náà jẹ́ 400. Bẹ́líìtì eléyín GT2 tí pọ́lì rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fà á, ní eyín 20 ń sún un ní mílímítà 40, iye rẹ̀ sì jẹ́ 80. Bí a bá ní kó rin 100, tó rin 98, a ó fi 100 sọ 400 di púpọ̀, a ó fi 98 pín in: 408.16.

Eré àti bí eré ṣe ń gorí

$110 sí $112 ni eré tó ga jù, ní mílímítà láàárín ìṣẹ́jú kan. $120 sí $122 ló ń sọ bí eré ṣe ń gorí. Ibí ni wàhálà máa ń wà. Bí stepper bá ṣe ń sáré sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, torí iná kì í ráyè kún wáyà inú rẹ̀ kí ìgbésẹ̀ mìíràn tó dé. Ìdí nìyí tí fóltì 24 fi máa ń gbé e sáré ju 12 lọ. Arduino Uno fúnra rẹ̀ kò lè rán ju nǹkan bí ìgbésẹ̀ 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìgbésẹ̀ 400 fún mílímítà kan, ìyẹn jẹ́ mílímítà 4,500 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí stepper bá fo ìgbésẹ̀, kò sí ohun tó ń ròyìn fún bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ń lọ, gbogbo ilà tó kù sì ti yẹ̀. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ (bíi 500 fún eré, 10 fún bí eré ṣe ń gorí) ni a ti ń gbé iye sókè díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan, títí mọ́tọ̀ yóò fi kùn, tí yóò sì dúró. Lẹ́yìn náà, a ó yọ ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Z ń gbé ẹrù sókè, a sì gbọ́dọ̀ dán an wò nígbà tó bá ń gòkè.

Igi

Iye inú GRBL jẹ́ ààlà lásán. Eré gbígbẹ́ gan-an wà lẹ́yìn lẹ́tà F nínú fáìlì iṣẹ́. Gẹdú láti Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe irú kan: ọ̀mọ̀ rọ̀, ìrókò le, àpá le jù ú lọ, F wọn kò sì lè dọ́gba.